Mọ́tò tó ń gbóná: Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yín palẹ̀, ẹ ka èyí ná!

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ déédéé kò ní í sọ pé òun kò rí irú ẹ̀ rí. Mọ́tò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè bí ẹnu ọ̀nì, èéfín funfun á máa rú túú, ìyá kan á ti jókòó sórí ẹrù ẹ̀ lábẹ́ igi, dẹ́rẹ́bà á sì ti gbé kẹ́ẹ̀gì, á máa wá omi kiri inú igbó. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, ohun tó máa sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ó gbóná ni.”

Ó gbóná ni! Ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ó ti sọ ọ̀pọ̀ onímọ́tò di ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Owó tí ẹlòmíì fẹ́ fi san owó ilé ìwé àwọn ọmọ ẹ̀ ló fi ń ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì kan lásán, tàbí ìdérí rédíétọ̀ tí kò tóbi ju ọmọrí agolo mílíìkì lọ, ló bàjẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tá a fi ní ká jókòó ti ọ̀rọ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí, ká tú u wò bó ṣe rí gan-an, nítorí àwọn tó ń gun mọ́tò àtijọ́ ń pọ̀ sí i ni, wọn kò dín kù.

Báwo ni wọn ò ṣe ní í pọ̀? Ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinúbú gan-an, ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni náírà náà já wálẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n jù. Epo tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà kan kò tó 200 náírà kí wọ́n tó búra ọjọ́ náà, ó ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ta ló wá fẹ́ fọwọ́ sọ̀yà pé òun ń lọ ra tòkunbọ̀ mìíràn? Ẹni tí bàbá ẹ̀ fi Peugeot 504 sílẹ̀ fún kò tà á mọ́. Ẹni tó ní Corolla tàbí Nissan Micra tó ti dàgbà ju àkọ́bí ẹ̀ lọ, ṣe ló ń tún un ṣe, ó ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin.

Ká má purọ́, 504 yẹn náà kì í ṣe mọ́tò yẹpẹrẹ. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 1968, nígbà tó sì di ọdún 1975, iléeṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó níbí. Ọdún yẹn kan náà ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá tiwọn l'Ékòó. Láyé ìgbà náà, bí tíṣà tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba bá yá owó mọ́tò, ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ló sábà máa ń wà lẹ́nu ẹ̀. Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn nínú 504 sì ni àwọn onímọ́tò fi ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Títí dòní, ẹ ṣì lè rí i kó gbé iṣu dé orí òrùlé, kó máa sáré lọ.

Ẹ gbọ́ ná, kí ló tilẹ̀ ń mú mọ́tò gbóná? Iná ló wà nínú ẹ̀! Bí epo bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, gbígbóná ẹ̀ máa ń kọjá 2,000 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńṣíọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì 504 kò dé 700 tó fi máa yọ́. Nínú agbára epo tí ẹ fi owó yín rà, bóyá ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń ti mọ́tò lọ. Ìdá kan ń bá èéfín jáde ní sàlẹ́ńsà, ìdá kan tó kù sì gbọ́dọ̀ bá omi lọ sínú rédíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gbé e dànù. Bí omi bá wà ní nǹkan bí 90, ara ẹ́ńjìnnì dá ṣáṣá. Bí ohunkóhun bá dí omi lọ́nà, tàbí tó dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, iná tó wà nínú lọ́hùn-ún kò ní ibi tó máa gbà jáde mọ́. Gbogbo wàhálà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe rárá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ìdérí rédíétọ̀ yẹn kì í ṣe ọmọrí lásán, ó ní sípíríìn nínú tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀, kí omi tó yẹ kó hó ní 100 má lè hó títí tí yóò fi dé nǹkan bí 120. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ rò ó wò, bí omi inú rédíétọ̀ bá ti kọjá 100, tí ẹnì kan wá sáré ṣí ìdérí náà, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Nǹkan tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti kúrò, lójú ẹsẹ̀ náà ni omi yẹn máa di ooru, tí yóò sì tú jáde gbàù! Ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ló ń kọ́kọ́ bà. Ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́káníìkì ló ní àpá irú ẹ̀ lọ́rùn àti láyà, àwọn tí Ọlọ́run kó yọ nìyẹn, tí kò fọ́ lójú.

Nítorí náà, tí ọwọ́ géèjì bá ti ń sún mọ́ ibi pupa, ẹ pa éésì, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú mọ́tò tí tiyín bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi, oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí, ooru nìyí, mo tún ní kí ẹ ṣí ooru sí ara yín! Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Rédíétọ̀ kékeré ni ẹ̀rọ ooru náà, ó ń gba díẹ̀ lára gbígbóná ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó fẹ̀, ẹ kúrò lójú títì pátápátá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ jókòó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré jù. Bí hóòsì òkè bá ṣì le gbandi nígbà tí ẹ fi aṣọ nípọn tẹ̀ ẹ́, kò tíì tó. Tó bá ti rọ̀, ẹ fi aṣọ bo ìdérí, ẹ yí i díẹ̀, kó kọ́kọ́ mí “fíìì” tán, kí ẹ tó ṣí i pátápátá. Ẹ má sì gbé omi tútù dà sí ẹ́ńjìnnì tó ń hó lórí. Ìkòkò amọ̀ tó wà lórí iná, tí ẹ bá da omi tútù lé e, ṣé kò ní í sán? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì ṣe ń sán.

Mo ní ẹ kúrò lójú títì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún 2010 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ jáde pé kí wọ́n sọ ọ́ di oníbejì, iṣẹ́ ọ̀hún sì falẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, débi tí tírélà tó ń lọ sókè Ọya àti èyí tó ń bọ̀ ní láti máa dojú kọra wọn lójú ọ̀nà tóóró àtijọ́. Àwọn tó mọ agbègbè Odò Ọbà mọ iye ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú níbẹ̀. Mọ́tò tó bàjẹ́, tó dúró láìsí iná, láìsí ewé, láìsí àmì kankan lóru, ikú ló ń pè, kì í sì í ṣe ikú onímọ́tò nìkan.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Àwọn mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ mú sípánà, ìbéèrè ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi yín: ìgbà wo gan-an ló ń gbóná? Àwọn tí kò mọṣẹ́ ló jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń dúró báyìí ni wọ́n ti máa ní “ọ̀gá, gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ẹ mówó wá.” Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ló máa fi ìdajì àìsàn náà hàn.

Ká ní sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ Owódé l'Ọ̀yọ́ ló ti ń gbóná, àmọ́ tí ẹ bá ti jáde sọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ tẹ iná díẹ̀, tí géèjì bá tún sọ̀ kalẹ̀, fáànù ni kí ẹ wá lọ. Nígbà tí mọ́tò ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ rédíétọ̀. Nígbà tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Bó bá jẹ́ fáànù oníná ni, ẹ ní kí rewáyà gbé iná tààrà láti bátìrì fún un. Bó bá yí, a jẹ́ pé fáànù kò ṣe nǹkan kan, fíúsì tàbí ṣúìṣì tó ń gbọ́ gbígbóná omi ló kú. Fáànù 504 tiẹ̀ ní ọgbọ́n tiẹ̀: máàgínẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín ẹ̀, bí omi bá tutù kì í bá ẹ́ńjìnnì yí, bó bá gbóná ni máàgínẹ́ẹ̀tì máa dì í mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fi bóòtù dè pa kó máa yí nígbà gbogbo. Èmi ò ní bá ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ jà, mọ́tò ń lọ, àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé agbára ẹ́ńjìnnì ni fáànù náà ń jẹ tọ̀sán-tòru, epo yín sì ni.

Bó bá wá jẹ́ òdì kejì ńkọ́? Ìyẹn ni pé tó bá dúró sójú kan kò sí wàhálà, àmọ́ tí ẹ bá ti ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, tàbí tí ẹ ń sáré, géèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Fáànù kọ́ nìyẹn o. Omi kò lọ geere ni. Rédíétọ̀ lè ti dí nínú, ìpatà àti ẹrẹ̀ á ti kún àwọn ọ̀nà tóóró inú ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ìta ẹ̀ ló dí. Nígbà ọyẹ́, tí wọ́n bá ń sun igbó, tí eruku ń fẹ́, kòkòrò, ewéko àti eérú máa ń kún ojú rédíétọ̀ débi tí afẹ́fẹ́ kò ní í rí ibi gbà. Omi lásán láti ẹ̀yìn bọ́ sí iwájú, ní jẹ́jẹ́, ti tó láti fọ ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò ki ẹnu ẹ̀rọ wọn bọ̀ ọ́, wọ́n máa tẹ àwọn abala tín-ín-rín ojú ẹ̀ pọ̀ ni.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Hóòsì ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, tó bá ti gbó, tí wáyà yíyípo inú ẹ̀ sì ti jẹrà, ó máa ń fún pọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, nítorí pọ́ǹpù ń fa omi gba inú ẹ̀. Tí mọ́tò bá dúró, yóò tún fẹ̀ padà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe. Ẹ ní kí ẹnì kan tẹ iná, kí ẹ̀yin máa wò ó. Owó hóòsì kò tó ìdá kékeré nínú owó ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì náà wò, tó bá lọ ju ìbú ìka kan sí méjì lọ, ó ti dẹ̀. Ẹ wo ihò kékeré ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù omi, tí omi bá ń kán níbẹ̀, pọ́ǹpù náà ti ń kú lọ.

Àwọn kan á ti tún gbogbo èyí ṣe, mọ́tò á ṣì máa gbóná, wọ́n á sì máa bú rédíétọ̀, bẹ́ẹ̀ iná plọ́ọ̀gì tó ń pẹ́ ta ló fà á. Nínú mọ́tò oníkábúrétọ̀ tó ń lo kọ́ńtáàtì, bí taimíìnì bá ti sún sẹ́yìn, epo á ṣì máa jó nígbà tó yẹ kó ti jó tán, gbígbóná ẹ̀ á sì wọ ara ẹ́ńjìnnì lọ. Mọ́tò náà kò ní í lágbára, yóò sì máa mu epo bí ọ̀mùtí.

Ní ti tẹmósítáàtì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Bí ẹ bá gbé mọ́tò mẹ́wàá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́káníìkì wa, kò dájú pé ẹ máa rí ọ̀pọ̀ tí tẹmósítáàtì ṣì wà nínú wọn. Wọ́n ti yọ ọ́ jù nù. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn òyìnbó ló nílò ẹ̀ nítorí òtútù, pé ilẹ̀ wa gbóná. Irọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ́ńjìnnì tó bá tutù jù máa ń mu epo, ọ́ìlì inú ẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ dúdú, ó sì máa ń jẹ tètè. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, tẹmósítáàtì yẹn ló tún ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi gbígbóná lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣí sílẹ̀, mọ́tò tí ẹ ní kó tutù á tún wá gbóná sí i! Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín ti kú, ilé ìdáná ìyàwó yín ti tó. Ẹ fi òwú so ó, ẹ rì í sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, kó má kan ìdí ìkòkò. Nọ́ńbà wà lára ẹ̀, bíi 82 tàbí 88, ìyẹn ni gbígbóná tó máa ń ṣí. Kí omi tó hó rárá, ó yẹ kó ti máa yanu. Bí omi bá hó tí kò yanu, ẹ ra òmíràn. Àmọ́ kí ẹ ra òmíràn o, kí ẹ má fi àyè ẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Irú omi tí ẹ ń bù sí i náà ń kọ́? Omi kànga àti omi bọ́hóòlù tó ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú máa ń dì mọ́ inú rédíétọ̀ bí ó ṣe ń dì mọ́ inú kẹ́tù. Omi òjò tí ẹ gbè dáadáa sàn jù ú lọ fíìfíì. Èyí tó dára jù ni kúláǹtì tí wọ́n lú mọ́ omi, torí kì í jẹ́ kí irin dípatà. Ẹni tó bá sì lọ ra omi bátìrì, kó wo ara ike ẹ̀ dáadáa, torí omi kan wà, ásíìdì sì wà, àwọn tó ń tà á lè gbé ọ̀kan fún yín dípò èkejì. Ata gígún tí àwọn kan máa ń dà sínú rédíétọ̀ tó ń jò, ó lè dí ihò náà kẹ́ ẹ délé lóòótọ́, ọ̀nà omi tóóró ló sì tún ń dí. Rédíétọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi bàbà àti idẹ ṣe ṣeé jó, ṣeé ṣí, ṣeé fọ̀. Ẹ má tètè gbà fún ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ jù ú nù kẹ́ ẹ ra alumíníọ̀mù olórí ike.

Ìgbà wo wá ni gásíkẹ́ẹ̀tì? Tí omi bá ń dín lójoojúmọ́, tí ẹ kò sì rí ibi tó ń jò. Tí ẹ bá ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, tí ẹ wá sítáàtì, tí ìfófò sì ń yọ gbùlà-gbùlà láìdúró. Tí hóòsì òkè bá le láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí omi tó gbóná rárá. Tí èéfín funfun ń rú lẹ́yìn kódà lọ́sàn-án gangan. Tí ọ́ìlì bá dà bí ògì tí wọ́n lú mọ́ mílíìkì. Nígbà náà, ẹ̀jọ́ ti dé, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i. Ẹ ṣọ́ra fún géèjì pẹ̀lú o, torí bí omi bá ti tán pátápátá, ohun tó ń wọn gbígbóná náà ò sí nínú omi mọ́, géèjì lè sọ̀ kalẹ̀ sí tútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yan nínú lọ́hùn-ún.

Bí wọ́n bá ti ṣí tọ́ọ̀pù, ẹ má gbà kí wọ́n kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì dè é padà. Kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá a, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti wọ́, bóyá ó ti sán. Kí wọ́n de bóòtù ẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára, kì í ṣe èyí tí ọmọ iṣẹ́ máa fi gbogbo ara fà. Ẹ̀yin oní-504, tiyín tún lé kan. Sílíìfù inú ẹ́ńjìnnì yín, inú omi ló dúró sí, tọ́ọ̀pù ló sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé tọ́ọ̀pù kúrò, tí ọmọ kan bá wá yí ẹ́ńjìnnì, sílíìfù á gbéra, ohun tó ń dí omi nídìí ẹ̀ á já, omi á wá máa wọnú ọ́ìlì. Ẹ gbé mọ́tò lọ fún gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé àìsàn tó jù ú lọ bọ̀. Kí wọ́n fi irin àti bóòtù di sílíìfù mú kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ìjàpá ni kò bá wọn pín nínú ọ̀rọ̀ omi. Kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ni, fáànù kan tí bẹ́líìtì ń yí ló ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí dáínámò. Nítorí náà, tí iná pupa dáínámò bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe bíi pé bátìrì lásán ni, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ bẹ́líìtì ló já, a jẹ́ pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan mọ́. Àwọn páànù àti rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ká, tí pánẹ́bítà máa ń jù nù pé kò wúlò, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti jáde tún padà wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ èèyàn, yálà l'Ọ̀yọ́ ni o tàbí lágbègbè Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó lọ láàárọ̀ kùtù, kó má sọ àsìkò tó ń bọ̀. Kó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó kí ẹnikẹ́ni tán. Bó bá tutù, kó ṣí rédíétọ̀ wo àwọ̀ omi, kó fa irin ọ́ìlì jáde, kó ní kí wọ́n sítáàtì ẹ̀ lójú òun, kí ìdérí wà ní ṣíṣí, kó máa wá ìfófò. Lẹ́yìn náà, kó wà á títí ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì jẹ́ kó dúró nínú gosíló. Àmọ́ bó bá débẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná, tí oní-mọ́tò ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré fi gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ni, kó rẹ́rìn-ín, kó ní òun ń bọ̀ lọ́la.